Ẹ̀rọ Ni A Fọkàn Tán Ni, Tàbí Ènìyàn? Ìtàn Ọkọ̀ Orí Yìnyín àti Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà



Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú ìtàn ọkọ̀ tí à ń gùn lórí yìnyín. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ní alùpùpù Suzuki kan. Ní àràárọ̀, kí ó tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́, èmi ni mo máa ń di àrọ mú nígbà tí ó bá ń da bẹntiróòlù tí ó ti po ọ́ìlì mọ́ sínú táńkì. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ti ta, èéfín a gba gbogbo àgbàlá. Aládùúgbò wa kan ń gun Honda ní tirẹ̀, èyí tí kò fẹ́ kí a po ohunkóhun mọ́ epo rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì a jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, wọn a sì máa jiyàn lórí èyí tí ó dára jù. N kò rántí ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn yí èkejì lọ́kàn padà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mo jókòó sí ilé oúnjẹ kékeré kan ní ẹ̀bá títì, mo sì gbọ́ tí àgbẹ̀ méjì ń jiyàn lórí ọkọ̀ orí yìnyín wọn. Iyàn bàbá mi àti aládùúgbò wa gan-an ni. Ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo kò ní ẹlẹgbẹ́. Èkejì ní èéfín rẹ̀ ti sú òun. Nígbà tí ó yá ni mo wá mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ Suzuki, tí ó ṣe alùpùpù bàbá mi, ti ṣe ẹ́ńjìnnì fún ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jiyàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi hàn ní òní. Èkíní ni pé ìtàn ẹ̀rọ kì í ṣe ìtàn bí tuntun ṣe ń lé àtijọ́ lọ. Èkejì ni pé ohun tí àwọn tí ń gun ọkọ̀ yìí ń pè ní ìfẹ́ ọkọ̀ wọn kì í ṣe ìfẹ́ irin. Ìfọkàntán tí wọ́n ní sí àwọn ènìyàn kan àti sí ìlú kan ni.

1. Bí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́

Kí á tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ. Ọkọ̀ orí yìnyín kò ní táyà. Pákó ìyọ̀ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ tí a fi ń darí rẹ̀, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan ni ó sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ tí ó ń tì í lọ. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí bẹ́líìtì yìí.

Ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin ń ṣe ohun mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, ó fún wọn pọ̀, ó ṣáná sí wọn, ó sì tú èéfín jáde. Písítìnì rẹ̀ gòkè sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà méjì kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Fáàfù ni ó ń ṣílẹ̀kùn, tí ó sì ń tì í. Ọ́ìlì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kì í bá epo jó.

Ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ méjì ń parí gbogbo iṣẹ́ yìí nínú àlọ kan àti àbọ̀ kan. Kò ní irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Ihò ni wọ́n lu sí ara sílíńdà rẹ̀, písítìnì fúnra rẹ̀ ni ó sì ń bo ihò náà tí ó ń ṣí i. Nítorí pé epo àti afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kọjá kí wọ́n tó gòkè, ọ́ìlì kò lè dúró sí ìsàlẹ̀ náà. Àfi kí ó bá epo wọlé, kí ó sì bá a jó. Ibẹ̀ ni èéfín tí mo mọ̀ ní àgbàlá wa ti wá. Àléébù mìíràn tún wà. Ìgbà kan náà ni epo tuntun ń wọlé tí èéfín àtijọ́ ń jáde. Ó dà bí yàrá tí àlejò ń wọ̀ láti ẹnu-ọ̀nà kan tí àwọn ará ilé ń gba èkejì jáde: àwọn àlejò kan yóò bá wọn rìn jáde láìjókòó. Nínú irú èyí tí ó ń lo kabúrétọ̀, epo tí ń jáde láìjó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n kí á má fi àléébù nìkan dájọ́. Bí písítìnì bá ti gòkè lẹ́ẹ̀kan, iná ti ṣẹ́. Nítorí náà agbára rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó fúyẹ́, ẹni tí ó ní irinṣẹ́ díẹ̀ sì lè tú u kí ó sì tò ó padà. Ní ibi tí yìnyín jìn dé àyà ènìyàn, tí ilé tí ó súnmọ́ jù sì wà ní ìrìn wákàtí mélòó kan, fífúyẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì.

2. Valcourt àti Roseau

Ìtàn ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikú. Joseph-Armand Bombardier, tí a bí ní 1907 ní Valcourt ní ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà, jẹ́ mẹkáníìkì tí ó ti ń gbìyànjú láti ìgbà èwe láti ṣe ọkọ̀ tí yóò lè rìn lórí yìnyín. Ní ìgbà òtútù 1934, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Yvon, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ní àìsàn inú tí ó nílò iṣẹ́ abẹ. Yìnyín ti dí gbogbo ọ̀nà, kò sì sí bí wọn yóò ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà kú. Ní 1937, Bombardier gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ eléyín tí ń yí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn méje. Àwọn dókítà, àwọn àlùfáà àti àwọn tí ń kó lẹ́tà kiri wà lára àwọn tí wọ́n lò ó. Kì í ṣe ohun ìṣeré nígbà náà. Ohun tí a fi ń du ẹ̀mí ni.

Ní 1948, ìjọba Quebec pàṣẹ pé kí a máa kó yìnyín kúrò lójú títì ní ìgbèríko. Ohun rere ni èyí fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ó ba ọjà Bombardier jẹ́, nítorí ẹni tí ó ní mọ́tò kò nílò ọkọ̀ ńlá orí yìnyín mọ́. Ó yíjú sí ọkọ̀ kékeré tí ẹnì kan tàbí méjì lè gùn. Ní 1959, ó gbé Ski-Doo jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ́ńjìnnì Kohler onígbésẹ̀ mẹ́rin, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 7, ni ó wà nínú Ski-Doo àkọ́kọ́.

Ní ìhà gúúsù ààlà, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Roseau ní Minnesota, àwọn kan ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìgbára lé Bombardier. Edgar Hetteen, àbúrò rẹ̀ Allan, àti ọ̀rẹ́ wọn David Johnson ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ oko. Ní ìgbà òtútù 1955 sí 1956, Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ọkọ̀ orí yìnyín kan pọ̀ nígbà tí Edgar kò sí nílé. Inú Edgar kò dùn nígbà tí ó dé, ṣùgbọ́n wọ́n ta ọkọ̀ náà fún oníṣòwò pákó kan ní ìlú náà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ san owó oṣù òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ni a mọ̀ sí Polaris. Ẹ́ńjìnnì Briggs & Stratton, onígbésẹ̀ mẹ́rin, ni ó wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tiwọn náà.

Ní 1960, Edgar Hetteen gun ọkọ̀ wọn la Alaska kọjá, ìrìn tí ó ju 1,000 máìlì lọ, láti fi hàn pé ọkọ̀ náà ṣeé gbára lé. Nígbà tí ó padà, àárín òun àti àwọn tí wọ́n ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kò gún mọ́. Ó fi Polaris sílẹ̀, ó lọ sí Thief River Falls, ìlú tí kò jìnnà ju ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú mọ́tò, ó sì dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀. Òun ni Arctic Cat. Ọkùnrin kan náà ni ó fi ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ méjèèjì lélẹ̀, àwọn méjèèjì sì di abánidíje títí di òní.

3. Àwọ̀, ìlú àti ẹ́ńjìnnì àjèjì

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin fi kúrò lójú ọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ski-Doo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ méjì ti Rotax láti Ọ́síríà. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Nígbà tí Yamaha ti Jàpáànì wọ ọjà yìí ní 1968, onígbésẹ̀ méjì ni ó gbé wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé onígbésẹ̀ méjì ni ó jẹ́ tuntun nígbà náà. Onígbésẹ̀ mẹ́rin ni àtijọ́ tí a pa tì. Ní nǹkan bí 1970, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ yìí tó ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ tí wọ́n sì ń tà lọ́dún kan súnmọ́ ìdajì mílíọ̀nù. Lẹ́yìn ìgbà náà ni epo bẹntiróòlù wọ́n ní 1973, yìnyín kò rọ̀ dáadáa ní àwọn ọdún kan, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì kógbá sílé. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1990, mẹ́rin ni ó ṣẹ́kù tí ó lórúkọ: Ski-Doo, Polaris, Arctic Cat àti Yamaha.

Àsìkò yìí ni ìdúróṣinṣin sí àmì ọjà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọ̀ ni a fi ń mọ ẹni: ìyeyè fún Ski-Doo, ewéko fún Arctic Cat, búlúù fún Yamaha. Ọmọ ń jogún àwọ̀ bàbá rẹ̀. Ní Eagle River ní Wisconsin, níbi tí wọ́n ti ń díje láti 1964, ènìyàn máa ń mọ ẹgbẹ́ tí ẹnì kan wà láti ara ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kí ó tó lanu sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá tú bónẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, kí ni a ó rí? Nínú Arctic Cat, láti àárín àwọn ọdún 1970, Suzuki ti Jàpáànì ni. Nínú Polaris, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Fuji ti Jàpáànì ni, àwọn kan náà tí wọ́n ń ṣe mọ́tò Subaru. Nínú Ski-Doo, ti Ọ́síríà ni. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò ní í fi owó ra ohun àjèjì bí Yamaha ń gun ẹ́ńjìnnì Jàpáànì láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fẹ́ràn, a kò lè ṣàlàyé èyí.

Àlàyé tí mo rí ni pé ibi iṣẹ́ ni Roseau àti Thief River Falls jẹ́ fún àwọn ènìyàn yìí. Ẹni tí ó ra Arctic Cat mọ ẹni tí ó kan bóòtù rẹ̀. Alágbàtà tí ó tà á fún un ń gbé ní ìlú rẹ̀, òun ni yóò sì ṣílẹ̀kùn fún un ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé nígbà tí bẹ́líìtì bá já. Ní 1981, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Arctic Cat wọ gbèsè, ó sì ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Thief River Falls. Ṣùgbọ́n ní 1983, àwọn kan tí wọ́n ti ṣe olórí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ní ìlú kan náà, wọ́n sì rí ẹni ra ọkọ̀ wọn. Irin kò lè pe ènìyàn padà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ sí i níbi tí a ti ń fi ọkọ̀ yìí jẹun. Ní 1973, Pertti Pelto, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, tẹ ìwé rẹ̀ The Snowmobile Revolution jáde. Ó ṣàlàyé bí ọkọ̀ yìí ṣe yí ìgbé ayé àwọn Sámì Skolt tí ń da àgbọ̀nrín òtútù ní àríwá Fínláǹdì padà. Ní ìṣáájú, ẹranko wọn ni ó ń fà wọ́n, koríko ilẹ̀ wọn ni ẹranko náà sì ń jẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n di ẹni tí ń ra epo, tí ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ẹni tí ó lówó dúró nídìí iṣẹ́ náà, ẹni tí kò ní já kúrò. Fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí ó dára ni èyí tí a lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà nítòsí.

4. Èéfín ní Yellowstone

Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ àwọn tí ń gùn ún nìkan ni, ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin lè má padà wá. Òfin ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é padà. Yellowstone jẹ́ ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní Wyoming. Ọkọ̀ orí yìnyín kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ní 1963. Nígbà tí ó fi di ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn tí ń wọlé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín ń kóra jọ ní ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, a rí òṣìṣẹ́ ọgbà tí ń gba owó ìwọlé níbẹ̀ tí wọ́n fi ìbòmú ààbò bo imú kí wọ́n má baà fa èéfín símú.

Ní 2000, ìjọba pinnu láti lé ọkọ̀ wọ̀nyí kúrò nínú ọgbà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwọn tí kì í fẹ́ rí ara wọn lórí pápá ìdíje wá dúró pọ̀ níwájú adájọ́. Ìjọba tí ó tẹ̀lé e yí ìpinnu náà padà. Ní oṣù Kejìlá 2003, adájọ́ kan ní Washington fagi lé ìyípadà náà. Ní oṣù Kejì 2004, adájọ́ mìíràn ní Wyoming dájọ́ sí ìhà kejì. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye ọkọ̀ tí ó lè wọlé lójúmọ́, wọ́n sì béèrè pé kí ó jẹ́ èyí tí èéfín àti ariwo rẹ̀ kéré. Onígbésẹ̀ mẹ́rin ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tí ó yege. Ní 2002 bákan náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àyíká ṣe òfin lórí èéfín ọkọ̀ yìí jákèjádò orílẹ̀-èdè, tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ọdún 2006.

Yamaha ni ó fi gbogbo ara gba ìpè náà. Ó gbé RX-1 jáde fún àsìkò 2003, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin tí a mú láti ara alùpùpù R1. Láàárín ọdún díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ di onígbésẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tí ń rin ọ̀nà gígùn yìn ín: kì í rú èéfín, kì í mu epo púpọ̀, ó sì ń pẹ́. Àwọn tí ń gun òkè ńlá kọ̀ ọ́: bí ó bá rì sínú yìnyín, wọ́n ní ẹnì kan kò lè gbé e. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ òótọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

5. Ohun tí a kò retí

Ní àkókò yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ méjì ti ń lọ sí ilé ikú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ padà sídìí àléébù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé àlejò ń bá onílé jáde, èé ṣe tí a kò fi jẹ́ kí afẹ́fẹ́ nìkan kọ́kọ́ wọlé, kí a sì fọ́n epo sínú sílíńdà nígbà tí ihò èéfín bá ń padé? Èyí ni Rotax ṣe nínú ẹ́ńjìnnì E-TEC tí Ski-Doo gbé jáde fún àsìkò 2009. Epo tí ń ṣòfò dín kù gidigidi, èéfín náà sì dín kù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò wúwo bí onígbésẹ̀ mẹ́rin. Arctic Cat náà ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹ̀rọ tí a ti ń gbẹ́ ibojì fún dìde.

Ìyanu kejì ni pé àwọn ọ̀tá fẹ́ ara wọn. Láti àsìkò 2014, Arctic Cat bẹ̀rẹ̀ sí í bá Yamaha to ọkọ̀ kan pọ̀ ní Thief River Falls, Yamaha sì ń fún Arctic Cat ní ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewéko àti ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù wá ń jáde láti abẹ́ òrùlé kan náà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan náà. Síbẹ̀ àwọn tí ń gùn wọ́n kò jáwọ́ nínú iyàn.

Ìyanu kẹta ni ó dùn mí jù. Ní 2023, Yamaha kéde pé òun yóò fi iṣẹ́ ọkọ̀ orí yìnyín sílẹ̀, àwọn ọkọ̀ ọdún 2025 sì ni ìgbẹ̀yìn tí ó tà ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ jìn jù fún ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ayé ń pè ní ti ọjọ́ iwájú ni ó kọ́kọ́ kúrò lójú agbo. Arctic Cat, tí ilé-iṣẹ́ ńlá Textron ti rà ní 2017, rí ìpọ́njú tirẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn kan, tí ẹni tí ó ti ṣe olórí níbẹ̀ rí ṣáájú wọn, rà á padà ní 2025. Ìlú kan náà tún ni, bí ti 1983.

6. Ìgúnlẹ̀

Kí ni a rí kọ́? Bí mo bá ya ìlà ìtàn yìí, kò lè tọ́: onígbésẹ̀ mẹ́rin ni ó ṣáájú, onígbésẹ̀ méjì lé e jáde, òfin pe onígbésẹ̀ mẹ́rin padà, onígbésẹ̀ méjì tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì dúró tì í. Kò sí ìgbà kan tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nìkan pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Títì tí ìjọba kó yìnyín rẹ̀ kúrò, owó epo, ìbòmú òṣìṣẹ́ ẹnubodè, ìjìnlẹ̀ yìnyín lórí òkè: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń dìbò.

Ní ti ìdúróṣinṣin, n kò ní í fi ṣe ẹlẹ́yà mọ́. Mo ti fìgbà kan rò pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ó lẹ̀ mọ́ àmì kan. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí yóò gun ẹ̀rọ la odò dídì kọjá ní òru kò lè tú ẹ́ńjìnnì wò kí ó tó gbéra. Ó ní láti gba ẹnì kan gbọ́. Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn tí a gbà gbọ́ lè tà wá fún ẹlòmíràn láìsọ fún wa. Ẹni tí ó fọkàn tán Yamaha fún ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ka ìkéde 2023 bí ẹni tí ń ka ìwé ìkọ̀sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé láti Minnesota, mo sọ fún bàbá mi pé Suzuki rẹ̀ ní ẹbí nínú yìnyín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe pé alùpùpù náà dára ju ti aládùúgbò wa lọ. Mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ní ìkòríta wa ni ó jẹ́ kí òun máa gùn ún, ọjọ́ tí ọkùnrin náà sì kú ni òun ta alùpùpù náà. Ó fi ọ̀rọ̀ kan parí ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri.